Ṣé Oòrùn Orí Òrùlé Lè Máa Sanwó fún Wa? Ìṣirò Pánẹ́ẹ̀lì àti Bátìrì Ilé

Bí ẹ bá ní ẹ̀gbọ́n tàbí àǹtí kan tó ń gbé ní London, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti gbọ́ ọ rí: “Pánẹ́ẹ̀lì tó wà lórí òrùlé wa ń sanwó fún wa o.” Ní Ìbàdàn àti Èkó náà, àwọn tó ń ta sólà ti ń sọ irú ọ̀rọ̀ kan náà: ra èyí, wàá máa rí owó lóṣooṣù. Ṣé òótọ́ ni? Òótọ́ wà nínú ẹ̀, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ni òótọ́. Owó tí wọ́n sì ń béèrè kì í ṣe kékeré. Ẹlòmíì á kó èsúsú ọdún méjì sí i, ẹlòmíì á lọ yáwó. Torí náà, ẹ jẹ́ ká jókòó ṣírò ẹ̀ dáadáa ká tó tọwọ́ bọ àpò. Ìṣirò yìí ò le, ìsọdipúpọ̀ àti pínpín lásán ni.

Kí gan-an là ń tà?

Yúníìtì iná là ń tà. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya ọ̀rọ̀ méjì tí àwọn èèyàn máa ń pò mọ́ra wọn sọ́tọ̀. Wáàtì ń sọ bí iná ṣe ń ṣàn tó lójú ẹsẹ̀. Kìlówáàtì-wákàtí ń sọ iye iná tó ti kọjá lápapọ̀. Ẹ fi omi wé e: wáàtì dà bí omi tó ń ya jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, kìlówáàtì-wákàtí dà bí omi tó ti wà nínú korobá. Korobá yẹn la ń pè ní yúníìtì kan, òun ni mítà ń kà. Áyọ́ọ̀nù tó ń jẹ wáàtì 1,000, bí ẹ bá fi lọ aṣọ fún wákàtí kan gbáko, yúníìtì kan ló jẹ. Gílóòbù wáàtì 10 á tàn fún wákàtí 100 kó tó jẹ iye kan náà.

Nínú pánẹ́ẹ̀lì, sílíkọ́nì ló ń ṣiṣẹ́. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kọlù ú, àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù inú rẹ̀ á tú sílẹ̀, wọ́n á sì máa ṣàn gba ojú wáyà. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Edmond Becquerel, ló kíyè sí i ní ọdún 1839 pé ìmọ́lẹ̀ lè bí iná. Ó di ọdún 1954 kí àwọn onímọ̀ ní Bell Laboratories ní Amẹ́ríkà tó ṣe ti sílíkọ́nì tó wúlò. Nínú ìdá 100 ìmọ́lẹ̀ tó bọ́ lé tiwọn, nǹkan bí ìdá 6 ló ń di iná. Lónìí, ọ̀pọ̀ pánẹ́ẹ̀lì ọjà ń sọ ju ìdá 20 lọ di iná. Ẹ̀rọ inverter á wá yí iná náà padà sí irú èyí tí fíríìjì àti tẹlifíṣọ̀n ń lò.

Pánẹ́ẹ̀lì kìlówáàtì 4 lórí òrùlé kan ní London máa ń mú nǹkan bí yúníìtì 3,500 wá lọ́dún. Gbé e wá sí Ìbàdàn, á mú ju 5,000 lọ wá. Oòrùn tiwa pọ̀ ju tiwọn. Kí ló wá dé tó jẹ́ pé àwọn ará London ló ń sọ̀rọ̀ owó? Ibẹ̀ ni ìtàn wà.

Owó gọbọi ti ìgbà yẹn

Ní ọdún 2000, ìjọba Jámánì ṣe òfin kan: ẹnikẹ́ni tó bá fi sólà rán iná sí ojú wáyà ìlú, wọ́n á máa san iye kan pàtó fún un lórí yúníìtì kọ̀ọ̀kan fún 20 ọdún. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2010. Wọ́n ń san pẹ́ńsì 41.3 lórí yúníìtì kan fún àwọn ilé kékeré tó gbé sólà sórí òrùlé tó ti wà tẹ́lẹ̀. Iye yẹn tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ohun tí àwọn èèyàn fi ń ra yúníìtì kan nígbà náà. Wọ́n tiẹ̀ ń san án lórí iná tí onílé fúnra rẹ̀ lò!

Kí ló dé tí wọ́n fi lawọ́ tó bẹ́ẹ̀? Pánẹ́ẹ̀lì wọ́n gan-an nígbà yẹn. Ìjọba fẹ́ kí àwọn èèyàn rà á lọ́pọ̀, kí àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é lè gbòòrò, kí owó rẹ̀ lè wálẹ̀. Owó rẹ̀ sì wálẹ̀ lóòótọ́. Bó ṣe ń wálẹ̀ ni wọ́n ń dín owó ìtìlẹ́yìn kù, títí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn ètò náà mọ́ àwọn ẹni tuntun ní 31 oṣù kẹta ọdún 2019. Ètò mìíràn bẹ̀rẹ̀ ní 1 oṣù kìíní ọdún 2020: àwọn ilé-iṣẹ́ iná ńlá gbọ́dọ̀ ra iná lọ́wọ́ onílé, àmọ́ àwọn fúnra wọn ló ń dá iye tí wọ́n máa san. Ní ọdún 2024, àwọn kan ń san pẹ́ńsì 15, àwọn mìíràn ò san tó ìdajì rẹ̀.

Torí náà, bí àǹtí yín bá ní sólà ń sanwó fún òun, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: ọdún wo ni wọ́n gbé e sórí òrùlé yẹn? Ẹni tó wọlé ní 2011 ṣì ń gba owó àdéhùn àtijọ́. Ẹni tó bá wọlé lónìí ò lè rí irú ẹ̀.

Ẹ̀yìn pẹ́pẹ́yẹ

Ohun mìíràn tún wà tó ń já owó iná sólà wálẹ̀: gbogbo wa là ń ká a ní wákàtí kan náà. Bí oòrùn bá mú ní agogo 12 ọ̀sán, pánẹ́ẹ̀lì tèmi, tìrẹ àti ti gbogbo àdúgbò ló ń da iná sójú wáyà lẹ́ẹ̀kan náà. Ní agogo 7 alẹ́, tí gbogbo èèyàn dé láti ibi iṣẹ́, tí wọ́n tan iná, tí wọ́n gbé ìkòkò kaná, kò sí pánẹ́ẹ̀lì kankan tó ń mú nǹkan wá mọ́.

Ní ọdún 2013, àwọn tó ń darí iná ní California ya àwòrán bí iná tí àwọn ẹ̀rọ amúnáwá yòókù gbọ́dọ̀ pèsè ṣe ń lọ sókè sódò láti àárọ̀ dalẹ́. Ìlà náà rọ̀ wálẹ̀ lọ́sàn-án bí ikùn, ó sì nà sókè lálẹ́ bí ọrùn. Ó jọ pẹ́pẹ́yẹ, orúkọ yẹn náà ló sì mọ́ ọn lórí. Bí sólà ṣe ń pọ̀ sí i ni ikùn pẹ́pẹ́yẹ yìí ń wọ́lẹ̀ sí i.

Ohun tó bá sì pọ̀ lọ́jà, owó ẹ̀ á já. Láti 15 oṣù kẹrin ọdún 2023, California gé iye tí wọ́n ń kà fún iná tí àwọn onísólà tuntun bá rán jáde lulẹ̀ gan-an. Ní Jámánì, ó ju wákàtí 400 lọ ní ọdún 2024 tí iye iná lọ́jà àwọn alágbàtà lọ sí ìsàlẹ̀ òdo. Ìyẹn ni pé ẹni tó ní iná ló ń sanwó fún ẹni tó máa bá a gbé e! Láti ìparí oṣù kejì ọdún 2025, wọn kì í san kọ́bọ̀ fún iná tí ilé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sólà bá rán jáde ní irú wákàtí bẹ́ẹ̀.

Ẹ rí i báyìí pé yúníìtì ọ̀sán àti yúníìtì alẹ́ kì í ṣe ọjà kan náà. Ẹni tó bá lè gbé ti ọ̀sán dé alẹ́ ló lọ́jà lọ́wọ́. Iṣẹ́ bátìrì nìyẹn.

Bátìrì àti aláròóbọ̀ gàrí

Ẹ ronú nípa ìyá kan tó ń ra gàrí nígbà tó bá pọ̀, tó tọ́jú rẹ̀ pamọ́, tó wá ń tà á nígbà ọ̀wọ́n. Kò gbin ẹ̀gẹ́, kò yan gàrí. Èrè rẹ̀ wà nínú àlàfo tó wà láàárín iye méjì. Àmọ́ ó ní ìnáwó: owó ṣọ́ọ̀bù, àti èyí tí eku àti ọ̀rinrin bà jẹ́. Bí àlàfo náà ò bá ju ìnáwó yẹn lọ, ó ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ nìyẹn.

Bátìrì kò yàtọ̀. “Eku” tiẹ̀ ni iná tó ń ṣòfò bí a ṣe ń rọ ọ́ wọlé tí a sì ń fà á jáde. Nínú yúníìtì 10 tó wọlé, nǹkan bí 9 ló ń jáde. “Owó ṣọ́ọ̀bù” tiẹ̀ ni bó ṣe ń gbó. Ẹ jẹ́ ká mú ilé kan ní Peckham, ká sì ṣírò. Ká ní wọ́n ń ra yúníìtì kan ní pẹ́ńsì 26, wọ́n sì ń tà á ní pẹ́ńsì 15. Pánẹ́ẹ̀lì wọn ń mú 3,500 wá lọ́dún.

Láìsí bátìrì: wọ́n lo 1,200 fúnra wọn lọ́sàn-án. Owó tí wọn ò san fún ilé-iṣẹ́ iná jẹ́ £312. Wọ́n ta 2,300 tó kù, wọ́n gba £345. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ £657.

Pẹ̀lú bátìrì oníyúníìtì 5: wọ́n ṣì lo 1,200 lọ́sàn-án. Wọ́n rọ 1,110 sínú bátìrì, wọ́n rí 1,000 fà jáde lálẹ́. Yúníìtì 2,200 tí wọn ò rà jẹ́ £572. Wọ́n ta 1,190 tó kù, wọ́n gba nǹkan bí £178. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ £750.

Ẹ wo ohun méjì níbẹ̀. Àkọ́kọ́, yúníìtì tí wọn ò rà níye lórí ju yúníìtì tí wọ́n tà lọ: pẹ́ńsì 26 sí pẹ́ńsì 15. Èkejì ni èyí tí ọ̀pọ̀ olùtajà kì í sọ: bátìrì yẹn fi £93 péré kún un lọ́dún. Bó bá jẹ́ £3,000 ni wọ́n rà á, á gbà ju ọdún 30 lọ kó tó san ara rẹ̀ padà. Bátìrì á ti kú ṣáájú ìgbà yẹn.

Ọ̀nà kan wà tí ẹ fi lè mọ̀ ọ́n kíákíá. Ẹ mú owó bátìrì, ẹ pín in sí iye yúníìtì tó máa gbé títí tó fi máa gbó. Ká ní bátìrì lithium yìí lè gba rírọ̀ àti fífà ní ìgbà 5,000, nǹkan bí ọdún 14 bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́. 5 lọ́nà 5,000 jẹ́ 25,000. Bí a bá pín £3,000 sí 25,000, á jẹ́ pẹ́ńsì 12. Ìyẹn ni owó ṣọ́ọ̀bù lórí yúníìtì kọ̀ọ̀kan. Àlàfo ilé Peckham yìí jẹ́ pẹ́ńsì 11, eku sì tún jẹ díẹ̀ nínú ẹ̀. Kò lè pé.

Kí ló lè jẹ́ kó pé? Àlàfo tó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mítà ìgbàlódé ń ka iná ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, torí náà àwọn ilé-iṣẹ́ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń ta iná òru ní ẹ̀dínwó. Ká ní iná òru jẹ́ pẹ́ńsì 9. Bátìrì á ra yúníìtì 5.55 lóru ní pẹ́ńsì 50, á sì gba onílé lọ́wọ́ ríra yúníìtì 5 tí ìbá jẹ́ pẹ́ńsì 130. Èrè rẹ̀ jẹ́ pẹ́ńsì 80 lálẹ́ kan, ìyẹn pẹ́ńsì 16 lórí yúníìtì. Ó ju 12 lọ, èrè wọlé. Ẹ kíyè sí i pé a ò tíì dárúkọ oòrùn nínú ìṣirò yìí rárá.

Àwọn kan tún ń fi bátìrì wọn ṣe àjọṣe. Ní ọdún 2018, ìjọba South Australia àti Tesla kéde ètò láti so bátìrì ilé 50,000 pọ̀ kí wọ́n lè máa ṣiṣẹ́ bí ilé-iṣẹ́ amúnáwá kan. Ní ìpínlẹ̀ Vermont ní Amẹ́ríkà, Green Mountain Power ń fún àwọn oníbàárà lówó kí ó lè fà nínú bátìrì wọn nígbà tí iná bá wọ́n. Ẹgbẹ̀rún bátìrì kéékèèké tó ṣọwọ́ pọ̀ lè gba ìlú kalẹ̀ ní agogo 7 alẹ́.

Nílé ńkọ́?

Ẹ jẹ́ ká padà sí ilé wàyí. Ṣé a lè ta iná fún NEPA? Ìdènà kan wà tó jẹ́ ti ìmọ̀ iná gan-an. Ẹ̀rọ inverter tó ń rán iná sójú wáyà gbọ́dọ̀ pa ara rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ tí iná ìlú bá lọ. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, òṣìṣẹ́ tó gun òpó láti tún wáyà ṣe, tó rò pé iná ò sí, iná láti òrùlé yín lè pa á. Torí náà, ní gbogbo wákàtí tí NEPA bá mú iná lọ, kò sẹ́ni tí ẹ lè tà á fún. Ọjà tí kì í ná lójoojúmọ́, ta ló máa gbójú lé e?

Àmọ́ ẹ rántí ẹ̀kọ́ Peckham: yúníìtì tí a ò rà ló níye lórí jù. Ibí ni ilé wa ti ju London lọ. Ẹ wo jẹnẹrétọ̀ kékeré. Agbára tó wà nínú lítà bẹntiróòlù kan tó nǹkan bí yúníìtì 9, àmọ́ ooru, èéfín àti ariwo ló ń gba èyí tó pọ̀ jù. Yúníìtì méjì péré, tàbí kó má tiẹ̀ pé méjì, ló ń dé ojú wáyà. Ká ní lítà kan jẹ́ ₦900: yúníìtì kan á jẹ́ ₦450 ó kéré tán, ká má tíì ka ọ́ìlì, pọ́lọ́ọ̀gì àti owó ẹni tó ń tún un ṣe. Ẹ jẹ́ ká pè é ní ₦500. Ní oṣù keje ọdún 2024, iná Band A wà ní nǹkan bí ₦209.

Ká wá ní bátìrì lithium oníyúníìtì 5 jẹ́ mílíọ̀nù ₦1.5. Pín in sí 25,000: ₦60 ni owó ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó ń fi jẹnẹrétọ̀ ₦500 ṣiṣẹ́ á rí i pé àlàfo yẹn fẹ̀ bí òpópónà márosẹ̀. Onígbàjámọ̀ tó ń jó yúníìtì 3 lójúmọ́ lórí jẹnẹrétọ̀ ń ná ₦1,500. Ní ọjọ́ iṣẹ́ 26, ₦39,000 nìyẹn lóṣù. Owó tó dúró sápò ni, kò sí fọ́ọ̀mù kankan láti kọ, kò sì sí ilé-iṣẹ́ kankan tó lè jí dìde lọ́la kó gé e.

Fún ẹni tó wà ní Band A tí iná rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Àlàfo tiẹ̀ ò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Pánẹ́ẹ̀lì tó ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án lè pé e, àmọ́ bátìrì ńlá lè má pé e.

Ẹ ṣọ́ra fún ọjà pọ́kú náà. Ká ní wọ́n fi bátìrì olómi oníyúníìtì 5 lọ̀ yín ní ₦600,000. Kò yẹ kí ẹ fà á kọjá ìdajì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á tètè kú. Yúníìtì 2.5 nìyẹn. Bó bá sì gbà á ní ìgbà 1,000, gbogbo ohun tó máa gbé láyé ẹ̀ jẹ́ 2,500. Pín in: ₦240 lórí yúníìtì kan! Ó wọ́n ju iná Band A lọ, ó sì jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ti lithium.

Ti títà fún aládùúgbò ńkọ́? Òfin iná tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2023 gba èèyàn láàyè láti pèsè iná tí kò ju mégáwáàtì 1 lọ níbì kan láìgba láìsẹ́ńsì. Ti òrùlé yín ò sún mọ́ ọn rárá. Òfin yìí kan náà ló gba ìpínlẹ̀ láàyè láti ṣe òfin tiwọn, torí náà, kí ẹ tó fa wáyà kọjá títì lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíì, ẹ béèrè òfin ìpínlẹ̀ yín. Fóònù ṣíṣáájì, omi tútù inú fíríìjì, fọ́tòkọ́pì: iná náà lẹ ń tà níbẹ̀, owó tí yúníìtì kan sì ń mú wọlé lọ́nà yẹn pọ̀ ju ti wáyà lọ.

Kí ẹ tó sanwó

Ẹ bi ara yín, ẹ sì bi olùtajà ní ìbéèrè márùn-ún yìí:

1. Yúníìtì mélòó ni mò ń jẹ lójúmọ́, ní wákàtí wo? Ẹ ka mítà fún ọ̀sẹ̀ kan, tàbí kí ẹ kọ iye lítà epo sílẹ̀.

2. Èló ni yúníìtì tí sólà máa gbà mí lọ́wọ́ rẹ̀? Ti jẹnẹrétọ̀ ni, àbí ti NEPA?

3. Ìgbà mélòó ni bátìrì yìí gbà kó tó gbó, báwo ni mo sì ṣe lè fà á jinlẹ̀ tó? Ẹ má gba “á pẹ́ gan-an.” Nọ́ńbà ni kí ẹ béèrè, kó sì wà lórí ìwé.

4. Ta ló máa dá a lóhùn bó bá bàjẹ́ ní ọdún kẹta? Inverter sábà máa ń kú ṣáájú pánẹ́ẹ̀lì.

5. Ṣé tèmi ni òrùlé náà? Ayálégbé ní Peckham tàbí ní Mọ́kọ́lá gbọ́dọ̀ gbàṣẹ lọ́wọ́ onílé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ tún nílò ìwé ẹ̀rí MCS tàbí èyí tó bá a dọ́gba kí ilé-iṣẹ́ iná tó lè máa ra iná lọ́wọ́ yín.

Bí olùtajà bá ní pánẹ́ẹ̀lì àti bátìrì á máa “sanwó fún yín,” ẹ ní kó fi àlàfo hàn yín: èló ni mò ń rà á tẹ́lẹ̀, èló ló máa ná mi báyìí? Ẹ yọ owó ṣọ́ọ̀bù bátìrì kúrò, ẹ yọ ti eku. Bó bá ku nǹkan, ẹ bá a dúnàá dúrà. Bí kò bá ku nǹkan, ẹ kí i pé ó dàbọ̀.